Lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ mi ń lọ ní Ìkòròdú: ìṣirò wọn dáa gan, àmọ́ ẹ wá gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́

Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí àwọn kọ́sítọ́mà mi ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ pé lẹ́sìn wo ni mo fi ọmọ mi sí tí ìṣirò ẹ̀ fi gbéra báyìí, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí n yé tún un sọ lórí máṣíìnì lójoojúmọ́. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ o. Mi ò bẹ̀rù ẹnì kankan, mi ò kàn fẹ́ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ ni, àti pé irú Uncle tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí kọjá ẹyọ kan, láti Ògòlóńtò títí dé Ìmọ́tà kò sí àdúgbò tẹ́ ẹ máa dé tẹ́ ò ní rí i, ẹ wo tọ̀dọ̀ yín dáadáa kẹ́ ẹ tó ní tèmi ló le.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa torí ó pọ̀. Ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ ni wọ́n wà, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀ tí òjò ò bá rọ̀, tí òjò bá rọ̀ ẹ wọ bàtà rọ́bà. Yàrá méjì ni wọ́n fi ṣe kíláàsì, bẹ́ǹṣì pákó, bọ́ọ̀dù funfun, àwọn ọmọ ò ju méjìdínlógún lọ nínú kíláàsì kan, èmi fúnra mi kà wọ́n. 8,000 náírà lóṣù, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdé, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ààbọ̀. Wọn kì í ní kí ọmọ ra ìwé tí wọn ò ní ṣí. Ilé ìtọ̀ wọn mọ́, mo wọbẹ̀. Iná nìkan ló ń dùn mí, torí Ẹ̀gbin, ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná tó lè tan iná 1,320 megawatt, ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ yẹn náà ló wà, ẹ̀yìnkùlé wa báyìí, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré aláriwo yẹn ni wọ́n fi ń yí fáànù, Uncle á wá máa pariwo lé jẹnẹrétọ̀ lórí kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ẹjọ́ tiwọn kọ́ ṣá.

Uncle tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ọmọkùnrin kan tí mi ò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún, NCE, ìwé ẹ̀rí tíṣà, ló ní. Èmi náà ní NCE kí n tó gbé máṣíìnì kalẹ̀ nígbà tówó tíṣà ò bọ́ mi mọ́, nítorí náà tí mo bá rí tíṣà gidi mo máa ń mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ti dé JSS 2 kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní mínọ́ọ̀sì. Ní iléèwé wọn kàn fa ìlà kan sórí bọ́ọ̀dù, wọ́n to nọ́ńbà sí i lápá òsì lápá ọ̀tún, wọ́n ní ṣó yé yín, gbogbo wọn ní ó yé wa, ó tán. Uncle yìí ní, "O jẹ ìyá oníresì ní gbèsè 500, o wá rí 300, o sáré gbé e fún un, èló ló kù lọ́wọ́ ẹ?" Ọmọ kan ní kò ku nǹkan kan. Uncle ní, "Ẹni tí kò ku nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ sàn jù ẹ́ lọ, ìwọ 200 ṣì wà lọ́rùn ẹ, tó o bá rí ìyá oníresì lọ́ọ̀ọ́kán wàá gba ẹ̀yìnkùlé, 200 tó wà lọ́rùn ẹ yẹn ló ń jẹ́ mínọ́ọ̀sì 200." Ọmọ mi délé, ó fi kọ́ àbúrò ẹ̀ tó wà ní Pírámárì 3, ìyẹn ronú díẹ̀ ó ní, "Ó túmọ̀ sí pé mínọ́ọ̀sì ni Dádì wa." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wọn ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ ti rí i pé ẹni tó mọṣẹ́ ni mò ń sọ. Wàyí o, ọ̀rọ̀ orúkọ.

Uncle yìí kì í pe ọmọ kankan lórúkọ tí ìyá àti bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Kí ọmọ tó lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ ó ti ní tiẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó máa ń pẹ́ dé, BRT ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti to láìnì bọ́ọ̀sì BRT rí láàárọ̀ Mọ́ńdè ẹ ò ní béèrè ìdí ẹ̀. Ọmọbìnrin kan tẹ́nu ẹ̀ kì í sinmi, Mile 12, bí ọjà yẹn. Èyí tó máa ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà, táá fi òwe sí i, Ìyálọ́jà. Èyí tó máa ń yá bírò kiri tí kì í dá a padà, Nàìjíríà ni wọ́n ń pe ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín débi pé abẹ́rẹ́ fẹ́ gún mi. Àwọn ọmọ yẹn fẹ́ràn ẹ̀ gan, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ọmọ tí mo máa ń lé bí ẹran kó tó lọ lẹ́sìn tó lọ tẹ́lẹ̀, tó bá ti di aago mẹ́ta ààbọ̀ ó ti wọ bàtà. Àwọn òbí míì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé torí orúkọ yẹn ni wọ́n ṣe fọmọ síbẹ̀, wọ́n ní Uncle yẹn lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Tọmọ tèmi wá ni Loading.

Èmi náà rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ tó wá sọ ọ́ fún mi, ẹ jẹ́ n sòótọ́, torí bó ṣe rí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ mi pé ṣó ti jẹun, á kọ́kọ́ wo àjà ná. Kì í ṣe pé kò gbọ́ o, ó ń lọ yẹ inú ẹ̀ wò kó tó dáhùn ni. Bàbá bàbá ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀ ló rí, àwọn ará ilé wọn ní Ìgbógbó máa ń ní tẹ́ ẹ bá bi baba yẹn ní nǹkan, ẹ lè lọ po ẹ̀kọ kẹ́ ẹ tó padà wá gbèsì, àmọ́ èsì ọ̀hún kì í tàsé. Nítorí náà nígbà tó ní Loading ni Uncle sọ òun, mo ní Uncle yẹn lójú àánú, ó ti mọ̀ ẹ́. Òun náà rẹ́rìn-ín. Àbí ó ṣe bí ẹni rẹ́rìn-ín, mi ò lè búra mọ́ báyìí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, mo rán an pé kó lọ bá mi ra òwú dúdú àti síìpù níwájú, èmi náà wá rántí pé mo fẹ́ ra omi, mo tẹ̀lé e láìjẹ́ kó mọ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan jókòó sórí ògiri gọ́tà, bí wọ́n ṣe rí i wọ́n figbe ta, "Loading! Loading!", ọ̀kan nínú wọn wá na ìka sókè ó ń fi í yí róbótó bí nǹkan tó máa ń yí lójú fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dáa. Àwọn ọmọ yẹn ò sí ní lẹ́sìn náà o, mi ò tiẹ̀ mọlé wọn. Ọmọ mi ò wẹ̀yìn, ó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, ó kàn yára ẹsẹ̀ sí i. Mo dúró sídìí omi tí mo fẹ́ rà, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ rà mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí nóòtù lẹ́sìn ẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ohun tó ń ṣe ọmọ yìí ni pé kì í parí, tí wọ́n bá fún un ní mẹ́wàá á ṣe mẹ́fà, àmọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á tọ̀nà. Báyìí ó ti ń ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, inú mi kọ́kọ́ dùn, mo wá wo ìsàlẹ̀, mẹ́ta ló gbà. Mo wá 7 × 8 rí. Ó kọ 54, ó fagi lé e, ó kọ 58, ó fagi lé ìyẹn náà, ó tún padà kọ 54. Ọmọ tó ti mọ ọ́n látìgbà tó wà ní Pírámárì, tó máa ń fi í kọrin tó bá ń fọ àwo. Mo pè é, mo ní 7 lọ́nà 8 ńkọ́? Ó wo àjà. Ó ní, "56, Mọ́mì." Mo ní kí ló wá dé tó o kọ 54 síbí? Ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá ń rò ó, wọ́n á ní mò ń load."

Ẹ̀rín tí mo rín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn wá ń ta mí nínú.

Nígbà tí mò ń ṣe NCE, wọ́n kọ́ wa nípa obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mary Budd Rowe, tó gba ohùn àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì sílẹ̀ nínú kíláàsì, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń dúró pẹ́ tó tí wọ́n bá ti béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn ọdún 1970 ló tẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde. Ó rí i pé wọn kì í sábà dúró ju bíi sẹ́kọ́ńdù 1 lọ, wọ́n ti pe ẹlòmíì tàbí kí àwọn fúnra wọn dáhùn, àmọ́ tíṣà tó bá lè ní sùúrù dé sẹ́kọ́ńdù 3, èsì àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í lanu náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lanu. Sẹ́kọ́ńdù 3 péré! Ohun tí wọ́n ń fi gbogbo ẹnu bẹ tíṣà pé kó wá fún ọmọ, ọmọ tèmi ti gbé e wá látilé, òun ni wọ́n wá fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, Yorùbá ni wá, a ò lè ní ká má sọra wa lórúkọ. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, mi ò gbọdọ̀ pe ọmọ ilé kankan lórúkọ ẹ̀, títí dórí èyí tí mo bá lọ́mọ ọwọ́ tí ò tíì rìn. Àbúrò ọkọ mi tó dúdú, Adúmáadán ni mò ń pè é dòní. Èyí tó tín-ín-rín, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èyí teyín ẹ̀ funfun, Eyínfúnjowó. Èyí tó ń lọ iléèwé, Akọ̀wé. Ara wọn náà lèmi wò kí n tó sọ wọ́n lórúkọ, bí Uncle ṣe wo ọmọ mi. Àmọ́ èmi ìyàwó tí mò ń sọ orúkọ yẹn, èmi ni mo kéré jù nínú ilé, ìsàlẹ̀ ni mo wà tí mò ń wòkè, dandan ni kí n wá ẹwà kan mọ́ ohun tí mo bá rí lára ẹni kí n tó là á lẹ́nu, ká ní mo pe ẹni tó tín-ín-rín yẹn ní Ìgbálẹ̀, ilé á gbóná mọ́ mi lórí lọ́jọ́ náà. Uncle, òkè ló wà. Ó ń ju orúkọ sílẹ̀, ọmọ tó bá bà ò sì lè jù ú padà. Tí ọmọ mi bá sọ òun náà lórúkọ ńkọ́, tó ní Uncle Jẹnẹrétọ̀? Wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Tiwa nígbà tí a wà ní kékeré ò dáa náà, kí n má parọ́. Olódo ni tíṣà ń pe ẹni tó bá gba òdo, tí gbogbo kíláàsì á wá dá a lórin, olódo rabata, ojú ẹja ló mọ̀ ọ́n jẹ. Ìwà ìkà ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé èébú ni, ẹ lè sunkún, ẹ lè lọ rojọ́ fún ìyá yín, ìyá yín lè wá fa wàhálà. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rín wé yìí, ta lẹ fẹ́ rojọ́ ẹ̀ fún? Wọ́n á ní o ò mọ àwàdà ni. Ọmọ tó bá bínú sí àwàdà, orúkọ kejì ló ń wá fúnra ẹ̀.

Mo wá lọ bá Uncle ní Tọ́sìdé. Mi ò lọ jà, mo tiẹ̀ ra àkàrà dání. Ó rí mi láti ọ̀ọ́kán, ó tẹríba dáadáa, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ní, "Ẹ káalẹ́ mà, Mummy Loading!"

Ẹ wò ó. Ọdún méjìlá ni wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ yẹn pè mí. Lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé àna mi, orúkọ tí bàbá ọkọ mi wo ilé kó tó sọ ọ́ ni wọ́n fi ń pè mí, èmi gan-an ti gbàgbé pé mo ní tèmi. Uncle wá fi ẹnu kan ṣoṣo yí i padà. Mo rẹ́rìn-ín o. Ẹnu mi kàn là fúnra ẹ̀ ni, ibẹ̀ ló ti wá yé mi bí ọmọ mi ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ yìí ni mo bá wá." Ó ní, "Há, Mummy, ìfẹ́ ni o, mi ò kì í fún ọmọ tí mi ò bá fẹ́ràn lórúkọ. Tíṣà tèmi Aláǹgbá ló ń pè mí, ṣé ẹ ò rí mi bí?" Ó tún ní, "Àti pé ẹ̀yin náà mọ̀ pé a ò kì í na ọmọ níbí mà, kò sí pàṣán nínú ilé yìí." Òótọ́ ni, mi ò rí pàṣán níbẹ̀ rí. Mo ní, "Ẹ ṣé tí ẹ ò nà wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Lagos náà ṣe tiẹ̀ ní 2007, ṣé pàṣán nìkan lẹ rò pé ó wà níbẹ̀? Ti 2003 yẹn ò mẹ́nu ba ara nìkan, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ọmọ lára, kò sì gbọdọ̀ pa ọkàn ẹ̀ náà lára." Ó ní, "Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé òun ò fẹ́ tòun, Mummy." Mo ní, "Ṣé ẹ bi wọ́n?"

Uncle wo àjà.

Mo dúró. Mo ń ka ìka mi, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, èmi náà jẹ́ kó load. Ó wá ní, "Rárá mà, mi ò bi wọ́n rí." Mo gbé nóòtù jáde, mo fi 54 hàn án, mo sọ ohun tọ́mọ náà sọ fún mi. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó gba nóòtù lọ́wọ́ mi, ó ṣí i sẹ́yìn, ó ṣí i síwájú, ó ń wo àwọn ibi tí wọ́n ti fagi lé. Ó ní, "Mo rò pé ó ti ń yára ni." Ohun tó sọ nìyẹn, kò sọ òmíì. Ó jẹ àkàrà ṣá.

Mo padà dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú orí wíwú, mo ṣe bí ẹni tó ti ṣẹ́gun. Ọmọṣẹ́ mi kan wà tó jẹ́ pé kò sí aṣọ tó máa rán tí kò ní tú kó tó tún un rán, Àǹtí Tú-u ni mò ń pè é, àwọn yòókù náà ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn kọ́sítọ́mà pẹ̀lú. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ṣé orúkọ yẹn máa ń dùn ẹ́? Ó ní, "Rárá o, Mà!" Kíá ló dáhùn, kò tiẹ̀ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀. Ó kàn ń yí rẹ́sọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àtìgbà yẹn mo ti padà sí orúkọ ẹ̀, àmọ́ ẹnu mi ṣì máa ń yọ̀ nígbà míì, mo sì ti wá rí i pé aṣọ tó bá rán lẹ́yìn mi, tí mi ò bá sí níbẹ̀, kì í tú u.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní kí n fún lẹ́sìn yìí ní máàkì: ẹ̀kọ́, 9 nínú 10, mi ò lè jí i gbé. Ibi ìjókòó, 6, torí bẹ́ǹṣì yẹn ń já aṣọ, èmi ni mò ń tún ṣòkòtò ọmọ mi rán. Orúkọ, mo fẹ́ fún wọn ní 3, mo wá fi 2 kún un nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Uncle bi gbogbo kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kì í ṣe níwájú ara wọn, ó ń pè wọ́n síta. BRT ní òun fẹ́ràn tòun. Nàìjíríà ní òun fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní Amẹ́ríkà. Mile 12, ọmọ tẹ́nu ẹ̀ kì í sinmi yẹn, òun ló sunkún. Ọmọ mi ní kí wọ́n máa pe òun lórúkọ òun, Uncle sì ń pè é bẹ́ẹ̀ látìgbà náà. Ó ní tí Uncle bá ti bi òun ní nǹkan báyìí, á kọ́wọ́ méjèèjì sẹ́yìn, àmọ́ àwọn tó jókòó lápá fèrèsé máa ń rí i pé ìka ló ń kà.

56 ti padà sí àyè ẹ̀. Kì í parí mẹ́wàá, ó ń ṣe méje.

Àwọn ọmọ orí gọ́tà yẹn ṣì ń pè é o. Uncle ti mú tiẹ̀ kúrò níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe tiẹ̀ mọ́, ó ti di ti àdúgbò, àná ni ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan tún bi mí bóyá èmi ni ìyá Loading kó lè fún mi ní ṣéńjì mi. Mo gba ṣéńjì. Ìparí oṣù mo ṣì máa san 8,000 mi, ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, kó mú ọmọ náà dání, kí ẹ sì bi ọmọ lọ́nà pé kí ló fẹ́ kí wọ́n máa pe òun, torí ohun tí Uncle máa kọ́kọ́ bi í nìyẹn báyìí.